Ìjì Tí Mo Fi Pamọ́ fún Mummy Pearl

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò tíì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ti sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo ti sọ díẹ̀ fún Ọlọ́run nínú àdúrà, ṣùgbọ́n níbi tó bá ti kàn mí ni mo máa ń gé e kù. N ó gbìyànjú láti má gé e kù níbí.

Ọmọ etí òkun ni mí, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ care ni mo wá ṣe ní London, ìyẹn ni pé mò ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Yàrá kan ni mo háyà ní Connaught, ní Woolwich, ṣùgbọ́n Thamesmead ni àwọn tí mò ń tọ́jú ń gbé, nítorí náà inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń jí dáadáa láràárọ̀.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nígbà tí mo dé. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo lè gun àtẹ̀gùn ilé mẹ́rin láàárín òwúrọ̀ kan kí n má rí ẹni tí yóò jẹ́ kí n kí òun. Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá wa kan sọ lọ́jọ́ tó ń fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní irà ni gbogbo Thamesmead tẹ́lẹ̀, pé nínú àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn nísàlẹ̀ nítorí omi. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Omi ti lé mi kúrò nílé bàbá mi, wọ́n tún wá gbé mi lé orí irà.

Bàbá mi, apẹja ni. Ó kọ́ wa pé kí a tó gbójú sókè wo òfuurufú, kí a kọ́kọ́ fi imú gbọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Mo ṣì ń ṣe é. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ìlà oòrùn wá, òórùn Crossness ni yóò gbé dé, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí gbogbo ìlú. Àwọn èèyàn a máa fi ọwọ́ bo imú. Èmi a máa dúpẹ́, nítorí pé nǹkan kan wà ní ìlú yìí tí mo mọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Nítòsí Tavy Bridge, ní Thamesmead, ni Mummy Pearl ń gbé. Ọmọ Jamaica ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ọ́fíìsì wa ní kí n máa pè é ní Pearl. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo wọlé, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó rántí pé kò rí mi.

“Ẹ káàárọ̀, Mummy.”

Èdè Òyìnbó ni a jọ ń sọ, tirẹ̀ ń jó, tèmi ń kọsẹ̀. Ó yí orí sí ọ̀dọ̀ mi.

“Mummy ta ni? Èmi ò bímọ rí láyé mi.”

“Ẹ má bínú, Ma. Níbi tí mo ti wá, n kò lè pe orúkọ yín lásán.”

“Ó dára. Ṣùgbọ́n bí o bá ti di ọmọ mi, má máa wo aago nígbà tí o bá ń wẹ̀ mí. Ọwọ́ yín ni mo fi ń mọ̀, gbogbo yín.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni mò ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, àfi òpin ọ̀sẹ̀ tí obìnrin ará Ghana kan máa ń dúró fún mi. Mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń se ògì rẹ̀, mò ń fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń ka ohunkóhun tí ó bá nílò kíkà fún un.

Àbúrò kan ṣoṣo ló kù fún un láyé. Lester ni orúkọ rẹ̀. Òun náà ti di arúgbó, apẹja ni, ó ń gbé nínú ilé onípákó kan létí òkun ní Jamaica. Agogo mọ́kànlá àárọ̀ tiwa ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ lọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni rédíò ti lé Lester kúrò nílé nítorí ìjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìjì náà yà gba ibòmíràn lọ. Nígbà kẹta, kó tó padà dé, olè ti tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ló ti ní òun ò gbọ́ ti rédíò mọ́. Ó ní Pearl ló tọ́ òun, bí Pearl bá ní kí òun dìde, òun á dìde.

Pearl kò sì ríran. Nítorí náà ẹ̀mí Lester wà lẹ́nu Pearl, ọ̀rọ̀ ẹnu Pearl sì wà lójú mi.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Mummy Pearl gbọ́ pé ìjì kan ń kóra jọ lórí òkun lọ́hùn-ún, irú èyí tí wọ́n ń pè ní hurricane. Wọ́n ti fún un lórúkọ. N kò ní dá orúkọ náà níbí. Ó ní kí n ṣí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù mi. Kùrukùru lásán ni lọ́jọ́ náà, ó tàn kálẹ̀ bí òwú tí adìẹ tú. Mo ka ibi tó wà, ibi tó dojú kọ àti bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe le tó. Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín irú ìjì bẹ́ẹ̀ sí, kò tíì wọ ọ̀kankan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ ìpele kìíní. Kò sáré. Ó kàn ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí omi tó gbóná.

“Kí lo rí?” ni Mummy Pearl wí. “Ọmọ apẹja ni ọ́.”

“Bàbá mi máa ń sọ pé ìjì tó ń sáré ń kọjá lọ ni, Ma. Èyí tó bá ń fà lẹ́sẹ̀, ó ń jẹun.”

“Bàbá rẹ gbọ́n ju rédíò lọ.” Ó di ọwọ́ mi mú. “Gbọ́. Lówùúrọ̀ ọ̀la, bọ́ọ̀sì kékeré kan ń bọ̀ wá kó àwọn arúgbó etí òkun lọ sí ilé-ìwé tó wà lórí òkè. Lester ń dúró dè mí. Kó o kà á dáadáa fún mi kí n tó pè é. Bí ẹranko yẹn bá ti dàgbà, n ó ní kó wọ bọ́ọ̀sì. Bí kò bá dàgbà, kó jókòó ti ẹrù rẹ̀.”

“Mo ti gbọ́, Ma.”

Mo ti gbọ́. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, mo ṣí fóònù nínú bọ́ọ̀sì láti Woolwich. Láàárín ìgbà tí mo sùn àti ìgbà tí mo jí, ìjì náà ti fo ìpele kejì, ó ti wọ ìkẹta. Kùrukùru tó tàn kálẹ̀ ti ká jọ, ó ti yí roboto, ó sì ti la ojú sí àárín, ojú kékeré kan tó mọ́ tónítóní, bí ojú ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde látinú omi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé yóò tún le sí i kí ọ̀sán tó pọ́n, àti pé ó ti yí sí etí òkun àwọn Lester. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pariwo ẹ̀rín lẹ́yìn mi. N kò ṣàìmọ ohun tí mò ń wò. Bóyá kò sí ẹlòmíràn nínú bọ́ọ̀sì yẹn tó mọ̀ ọ́n tó mi.

Mummy Pearl ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

“Báwo ni ẹranko wa?”

Mo wò ó. Kò tíì jẹun. Kò tíì lo oògùn. Irun rẹ̀ funfun, ó dà sílẹ̀ bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

“Ó wà bó ṣe wà, Ma. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun.”

Ẹni tó bá mọ̀ wá yóò mọ ohun tí mò ń ṣe. Nílé wa, a kì í fi ìròyìn burúkú pàdé àgbàlagbà pẹ̀lú inú òfìfo. A ó jẹ́ kó jẹun. A ó wá ẹni tí yóò jókòó tì í. Lẹ́yìn náà a ó bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, a ó máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo sọ fún ara mi pé bó bá jẹun tán, n ó sọ. Ó jẹun tán, ó lo oògùn, ó wá ń kọrin. Mo ní bó bá kọrin tán. Àkókò mi sì pé, ẹni tó kàn ń dúró dè mí, mo gbé báàgì mi. Mo ní n ó sọ ọ́ bí mo bá padà dé lọ́sàn-án.

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí pé mo gbàgbé ìpè agogo mọ́kànlá. N kò gbàgbé.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n tipẹ́. Nígbà tí mo ṣì wà nílé, èmi àti ọkọ mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́jà. Ìjì bá wa lójú òkun, ọkọ̀ sì dojú dé. Mo dì mọ́ jẹ́ríkánù kan títí àwọn apẹja fi fà mí jáde. Wọ́n ní ọkọ mi wà ní hòsípítù ní ìlú kejì, pé dókítà ò tíì fẹ́ kí n wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi se ọbẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sister Bọ́sẹ̀, ló máa ń gbé kúlà oúnjẹ náà lọ, á sì gbé e padà ní òfìfo. “Ó jẹ ẹ́ tán,” ló máa ń wí, “ó ní o kú iṣẹ́.” Ní ọjọ́ kẹwàá, àwọn àgbà mẹ́fà kóra jọ sí pálọ̀ wa, wọ́n ní kí n jókòó. Ọkọ mi ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ dojú dé. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tó jẹ ọbẹ̀ náà. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ràn mi ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ṣe.

Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, inú Mummy Pearl ń dùn.

“Mo ti bá Lester sọ̀rọ̀. Mo ní ìwọ sọ pé ẹranko náà ò kúrò bó ṣe wà. Bọ́ọ̀sì dé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ní kó máa lọ. Ó fún awakọ̀ ní ẹja méjì.” Ó ń rẹ́rìn-ín. “Awakọ̀ náà ní ẹja yẹn kéré.”

Mo di ẹ̀yìn àga mú. Ìjì náà ti wọ ìpele kẹrin nígbà náà.

“Ma, ó dà bíi pé… ó ti lágbára díẹ̀ sí i.”

“Díẹ̀ báwo?”

“Díẹ̀ náà ni, Ma.”

Mo bu ọbẹ̀ fún un, mo fọ abọ́, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó létí adágún omi tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn. N kò lè lọ sí ilé tó kàn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

“Ṣé kò sí?” ni Sister Bọ́sẹ̀ wí. “Ọ̀sán gangan lo pè. Àbí wọ́n ti lé ọ lẹ́nu iṣẹ́?”

“Wọn ò lé mi, ẹ̀gbọ́n mi.” Mo ro ẹjọ́ náà fún un.

“Ìyẹn náà lò ń torí ẹ̀ sunkún? O ṣe dáadáa! Ṣé o fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pa ìyá oníyàá ni? Sọ pé atẹ́gùn ń fẹ́ díẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, o fi díẹ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe tìẹ, ṣé o kú?”

N kò mọ ibi tí ìbéèrè tó jáde lẹ́nu mi ti wá.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló jẹ ọbẹ̀ yẹn?”

“Ọbẹ̀ wo?”

“Èyí tí mò ń sè fún un. Èyí tí ẹ ń gbé lọ.”

Mo wo ojú fóònù bóyá ìpè ti já.

“Èmi ni,” ló wí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. “Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń jẹ ẹ́. N kò lè dà á nù, ìwọ lo sè é. Mò ń jẹ ẹ́, mò ń sunkún, ìwọ sì ń bi mí lálẹ́ pé ṣé iyọ̀ rẹ̀ dùn. Kí ló dé tí o fi ń bi mí báyìí?”

Mo dìde. Mo gun àtẹ̀gùn padà. Ẹni tó kàn ń dúró dè mí, ọ́fíìsì sì ń pè, mo mọ̀ pé wọ́n lè kọ orúkọ mi sílẹ̀, ìwé ìgbélùú mi sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo pa fóònù wọn lẹ́nu mọ́.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Mummy. Irọ́ ni mo pa fún yín.”

Kò pariwo. Ó ní, “Kà á.”

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìpele kẹrin. Bí omi òkun yóò ṣe ga tó. Orúkọ etí òkun Lester gan-an wà níbẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí.

“Nígbà tí o wọlé láàárọ̀, ìpele wo ló wà?”

“Ìkẹta, Ma.”

“O ti mọ̀.”

“Mo ti mọ̀, Ma.”

“Ojú mi ló lọ,” ni Mummy Pearl wí. “Orí mi ò lọ.”

Ó na fóònù sí mi kí n bá a pe Lester. Mo pè é, mo gbé ohùn rẹ̀ sí gbangba kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

“Pearl? O ti pè mí lẹ́ẹ̀kan lónìí. Ṣé owó fóònù ti wá dọ̀fẹ́ ni?”

“Ìpele kẹrin ni, Lester. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀. Dìde.”

“Ṣebí obìnrin tó ń tọ́jú ẹ ní…”

“Ó parọ́.”

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú épúróọ̀nù mi. Kò sí ẹni tó pè mí ní òpùrọ́ rí ní ilẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí mo ti lè jiyàn.

“Bọ́ọ̀sì ti lọ, Pearl.”

“Fi ẹsẹ̀ rìn.”

“Òkun ti gorí ọ̀nà. Mò ń wò ó báyìí.”

“Gba ẹ̀yìn ilé. Gun òkè.”

“Orúnkún mi…”

“Lester! Ta ló tọ́ ọ?”

Nǹkan kan ṣubú lọ́hùn-ún, bí àga.

“Mo ti dìde,” ló wí. “Má pariwo mọ́. Mo ti dìde.”

Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo lọ nírọ̀lẹ́, fóònù Lester kò dún rárá. Ìjì náà gúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi wà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́ mi, mò ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń bu oúnjẹ fún un. “Ṣé omi ò gbóná jù, Ma?” “Kò gbóná jù.” Ọ̀rọ̀ wa kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, mo kọ orúkọ Lester sórí ìwé àdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich. Arábìnrin tó jókòó tì mí yọjú wò ó.

“Ta ni Lester, Sister?”

“Mọ̀lẹ́bí mi kan ni,” ni mo dá a lóhùn, mo sì pa ìwé náà dé. Nínú ilé Ọlọ́run. Bó ṣe rọrùn fún mi tó nìyẹn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, fóònù dún nígbà tí mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sí Mummy Pearl lẹ́sẹ̀. Fóònù olóore kan ni Lester fi ń pè. Kò dé ilé-ìwé orí òkè. Omi bá a lọ́nà, ó gun orí tánkì omi onísìmẹ́ǹtì kan, ó fi okùn so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ irin orí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí ìjì fi kọjá. Okùn náà há débi pé wọ́n gé ìka méjì kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ilé rẹ̀ kò sí mọ́, ọkọ̀ rẹ̀ kò sí mọ́.

Mummy Pearl sunkún, ó sì dúpẹ́. Lester wá béèrè bóyá mo wà nítòsí.

“Ìwọ obìnrin yẹn,” ló wí, “má sunkún. Mẹ́jọ ṣì kù. Ẹja ò mọ ìka kà.”

Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, nítorí pé àwàdà náà, ó ṣe é láti gbà mí sílẹ̀ ni. Mo wo Mummy Pearl. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú.” Mo tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò tó lẹ́nu mi.

Mummy Pearl kò fẹjọ́ mi sun ọ́fíìsì. Mo dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò ṣe é. Ó ṣì ń jẹ́ kí n pe òun ní Mummy. Àwọn ìgbà mìíràn, bí mo bá ń pa òróró sí i lẹ́yìn, a máa sọ pé ọwọ́ mi dára.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo ti rò ó bọ̀. N kò kọ àṣà wa. Àwọn tó fi ikú ọkọ mi pamọ́ fún mi kì í ṣe ènìyàn burúkú, èmi náà kò sì ro ibi sí Mummy Pearl. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sòótọ́, kì í ṣe òun nìkan ni mò ń dáàbò bò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rù ìjì ń bà mí. Bí n kò bá fi ẹnu mi sọ ọ́, ó dà bíi pé mo ṣì wà lórí ilẹ̀. Ìtìjú ibẹ̀ nìyẹn, pé mo fi ìbọ̀wọ̀ fágbà bo ẹ̀rù ara mi mọ́lẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, mo bá lẹ́tà kan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ti hòsípítù ojú ni, mo mọ àmì wọn. Mo mú un wọlé, mo fi sí i lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yí ká.

“Ó dà bíi pé láti hòsípítù ni, Ma,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ kí n kà á. N ó kà á bó ṣe wà, ì báà dára, ì báà burú.”

Ó ti gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni obìnrin ará Ghana tó máa ń dúró fún mi ní òpin ọ̀sẹ̀ ń bọ̀.

“Mo mọ̀ pé o lè kàwé,” ni Mummy Pearl wí, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì sí mi kí n gbé e dìde. “Wá wẹ̀ mí.”